Orin Ilẹ̀ Wa Nínú Ilé Ọlọ́run

Nígbà tí àwọn baba wa gba ìhìn rere ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni ó wà nínú ìwé orin wọn, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn orin náà ti wá. Ìṣòro kan sì wà nínú èyí. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ìró ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnu ń yin Olúwa, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti sọnù.

Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta (1855–1930) wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi orin ìbílẹ̀ yin Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni T. K. Ekundayo Phillips dìde. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1914 ó di atẹdùùrù ìjọ Christ Church, Èkó, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di 1962. Ó jẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí onílù ti ń tẹ̀lé e, ó sì lo ìró márùn-ún tí ó wọ́pọ̀ nínú orin àwọn baba wa. Ní 1953 a tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Fela Sowande (1905–1987), tí ó ti jẹ́ ọmọdé akọrin lábẹ́ rẹ̀, gbé irú ohùn wọ̀nyí sínú dùùrù àti sínú African Suite rẹ̀ ti ọdún 1944.

Àwọn kan ti wí pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ ilé Ọlọ́run, nítorí pé láti oko àti ojú agbo ni ó ti wá. A bi wọ́n léèrè: níbo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí tiwọn? Ní 1903, Ralph Vaughan Williams gbọ́ orin àwọn ará oko ní abúlé Forest Green. Ó kọ ohùn náà sílẹ̀. Ní 1906 ó fi í sínú The English Hymnal, orúkọ abúlé náà ni a sì fi ń pè é títí di òní. Bí orin oko wọn bá di mímọ́, kí ni ó ba tiwa jẹ́?

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn ọ̀gá akọrin wa, ní Ṣágámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ àti ní gbogbo Rẹ́mọ: ẹ tọ àwọn arúgbó lọ, kí ẹ kọ ohùn orin wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àgbà bá lọ tán, ta ni yóò tún kọ ọ́ fún wa gbọ́? Kí Olúwa gba ìyìn wa ní ohùn tí Òun fúnra Rẹ̀ fi fún wa. Àmín.