Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Ń Gba Èsì: Ìbàràpá àti Ìtàn Ohùn Tí A Gbà Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe ara mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ní ọdún 1994, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo lọ bá bàbá ọdẹ kan ní abúlé kan lẹ́yìn Igbó-Ọrà. Láti àṣálẹ́ títí di ìgbà tí àkùkọ kọ ni bàbá náà fi ń sun ìjálá sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ó kún. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ sínú ìwé, mo gboyè, mo sì kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà sínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo ṣí páálí náà ní 2009, ooru àti ọ̀rinrin ti ba téèpù inú wọn jẹ́. Bàbá ti di ará ọ̀run. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi, n kò sì rí nǹkan kan fún wọn àfi ìwé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni ẹ̀rọ ti ń gba ohùn Yorùbá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ náà máa ń wà. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní podcast ti fi í sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ohùn.

1. Láti ìdí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù

Orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò tó yẹ̀ wò. Apàlọ́ kò lè tẹ̀ síwájú bí àwọn ọmọdé kò bá dá a lóhùn. Onírárà a máa wo ojú ẹni tí ó ń kì. Nígbà tí ẹ̀rọ kan wá dé tí ń sọ̀rọ̀ láìdúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìyìn wà nínú orúkọ náà, ẹ̀sùn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ti ṣáájú rédíò. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, ìlú tí ó jẹ́ aládùúgbò Ìbàràpá, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyè sí i pé olórin ni ó rìn lọ bá ẹ̀rọ. Ní 1935 ni rédíò onífọ́nrán bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kan ni wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri, ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti ojú wáyà náà ni onílé yóò gbọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá WNBS àti WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, rédíò alábátìrì sì gbé ohùn Yorùbá dé inú oko.

Ní àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹ̀rọ tọ àwọn àgbà lọ. Ìwé Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, jẹ́ èso irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn akéwì bí Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ náà gbé ewì wọn sínú àwo àti kásẹ́ẹ̀tì, tí a ń tà lójú ọjà.

Ìbàràpá méje, èyíinì ni Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgàngán, gbọ́ gbogbo ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ láti ẹnu ara wọn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera ní Igbó-Ọrà. Ìwádìí Nylander níbẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 45 nínú 1000 ìbímọ ni ó jẹ́ ìbejì. Gbogbo ayé mọ iye ìbejì Igbó-Ọrà. Ẹni mélòó ni ó ti gbọ́ ohùn ìyá ìbejì kan níbẹ̀, bí ó ti ń ki àwọn ọmọ rẹ̀?

2. Ohun tí podcast jẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 2004, òǹkọ̀wé Ben Hammersley lo orúkọ yìí nínú ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó so iPod pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Ní 2005, Apple fi í sínú iTunes, ó sì tàn kálẹ̀.

Ètò rẹ̀ kò le. Ẹni tí ó ṣe é yóò gbé ohùn tí ó gbà sílẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní RSS. Àkọsílẹ̀ náà dà bí pátákó ẹnu ìsọ̀: bí ọjà tuntun bá ti dé, a ó kọ ọ́ kún un. Fóònù olùgbọ́ ni ó ń yọjú wò ó fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí tuntun, a gbé e wálé.

Ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ lè rí i lórí Spotify, Apple Podcasts tàbí AntennaPod. Kí ó yan ẹyọ kan, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kíní fún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì fún bí a ti ṣe tò ó. Ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí a bá fún un ní ìwọ̀n 64 kbps, kò ju nǹkan bí 14 MB lọ. Àgbẹ̀ lè gbà á sórí fóònù ní Èrúwà níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára, kí ó sì gbọ́ ọ ní oko ẹ̀gẹ́ láìná kọ́bọ̀ mìíràn.

3. Bí a ti ń ṣe é

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí olùbẹ̀rẹ̀ mú dání.

Èkíní ni kókó. “Ìtàn Ìbàràpá” ti pọ̀ jù. “Báwo ni ìyá mi ṣe ń ki ìbejì?” tó.

Èkejì ni ibi tí a ó ti gbà á. Yàrá tí kọ́tìnì, ẹní àti bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀ dára, nítorí aṣọ a máa gbé ìró mì. Ẹ yẹra fún òrùlé páànù nígbà òjò àti ìró jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti ìpè fóònù pa, ẹ gbé e sí ìwọ̀n ìbú ọwọ́ méjì sí ẹnu, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò fún ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta ni ìyọ̀ǹda. Ẹ sọ fún àgbà náà pé ohùn rẹ̀ lè dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọdẹ tí kì í ṣe fún gbogbo etí. Òun ni yóò sọ èyí tí a ó yọ.

Ẹ̀kẹrin ni ìtọ́jú. Audacity, tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tó fún gígé àti síso. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ba odindi tí a kò gé jẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ọwọ́ ẹbí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹni ejò ti bù jẹ rí ni ń bá yín sọ̀rọ̀.

4. Àsọkágbá

Àwọn kan yóò wí pé ohùn inú fóònù kì í ṣe ìjálá lójú agbo, níbi tí ọdẹ kan ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ kò gbé ohùn bàbá náà, àmì ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tó mímí rẹ̀. Bí ẹnìkan ní Tápà bá gbọ́ oríkì tí ará Ayétẹ̀ gbà sílẹ̀, tí ó rí i pé tiwọn yàtọ̀, ó lè gba tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́la kí ó fi dá a lóhùn. Èsì tí asọ̀rọ̀mágbèsì kò gbà nìyẹn.

Àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀ mọ́ ní Ìbàràpá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń lọ sílé ní ìsinmi yìí, fóònù wà lápò yín. Ẹ tètè tọ̀ wọ́n lọ.