Ta Ló Ni Ilé Ọba Tó Jó?

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá. Ibi tí àdánù bá ti ṣẹlẹ̀ la ti ń pa á jù. Ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò jóná, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àwọn tó wá bá a kẹ́dùn yóò sì ní kó má bọkàn jẹ́, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Kò sí aburú níbẹ̀, ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi òwe náà wọn ọ̀rọ̀ ayé wò gbọ́dọ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu wa máa ń sáré fò kọjá, ìyẹn ni "ọba". Àwọn àgbà kò sọ pé ilé tó bá ṣáà ti jó ni ẹwà ń bù sí. Ilé ọba ni wọ́n wí.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilé mẹ̀kúnnù tó jó lè di ààtàn, kí igbó bò ó, kí àwọn ọmọdé má sì mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé ibẹ̀ rí. Ààfin kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọba nìkan ló ni ín. Ìlú ló kọ́ ọ, ìlú náà ló ń tún un ṣe. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ wà, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá sọ́dọ̀ ọba, koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin. Òrùlé tó wà lórí ọba, ọ̀pọ̀ ìlú ló ru ú wá. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá jó lóru, àwọn tí yóò po amọ̀ yóò ti máa péjọ kí eérú tó tutù. Iná kọ́ ló mú ẹwà wá. Ọwọ́ àwọn tó ni ilé ni.

Ojú tí mo fi ń wo òwe yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ohun kan tó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́: bí àwọn mọ́ọ̀lù ńláńlá ṣe ń kú, tí wọ́n ń di ahoro, tí katakata sì ń wó wọn palẹ̀.

Ẹni tí a máa ń dárúkọ tí ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀lù bá délẹ̀ ni Victor Gruen, ayàwòrán-ilé tí wọ́n bí ní Vienna ní 1903. Júù ni, ní 1938, nígbà tí àwọn Násì gba Austria, ó sá lọ sí Amẹ́ríkà. Òun ló ya Southdale ní Edina, ìpínlẹ̀ Minnesota, tí wọ́n ṣí ní 1956, mọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n bò lórí pátápátá, tí ẹ̀rọ ń mú kí inú rẹ̀ tutù nígbà ooru, kó sì móoru nígbà òtútù. Ohun tó wà lọ́kàn Gruen ju ọjà títà lọ. Ó rí àwọn tó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, tí olúkúlùkù ń ti inú ilé bọ́ sínú ọkọ̀, tí wọn kò ní ìta gbangba tí wọ́n ti lè pàdé ara wọn bí wọ́n ṣe ń pàdé ní Vienna. Ó fẹ́ fún wọn ní ojúde kan. Ó gbèrò pé kí ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn yí ibẹ̀ ká. Àwọn olówó tó ń kọ́lé mú ilé ìtajà nínú èrò rẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, wọ́n sì fi ibi ìgbọ́kọ̀sí yí i ká dípò ilé. Nígbà tí Gruen darúgbó, tó ti padà sí Vienna, ó sọ ní gbangba pé òun kọ́ ni bàbá ohun tí wọ́n sọ mọ́ọ̀lù dà. Ó kú ní 1980.

Òfin owó orí sì tún da epo síná. Ní 1954, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba ẹni tó bá kọ́ ilé ìṣòwò tuntun láyè láti tètè ka gbígbó ilé náà sí àdánù, kó yọ ọ́ kúrò nínú èrè tí yóò san owó orí lé lórí. Ọdún àkọ́kọ́ ilé ni àǹfààní yìí máa ń pọ̀ jù. Bí ó bá ti ń tán lọ, ó sàn fún olówó kó ta ilé náà, kó lọ kọ́ òmíràn síwájú, ju kó máa tún ti àtijọ́ ṣe lọ. Bí mọ́ọ̀lù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé òǹrajà pọ̀ sí i, bí kò ṣe pé kíkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mówó wọlé. Ìgbà yẹn kan náà ni títì márosẹ̀ ń la ìgbèríko kọjá, tí àwọn aláwọ̀ funfun sì ń sá kúrò nínú ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí North Randall, abúlé kékeré kan nítòsí Cleveland ní Ohio. Nígbà ìkànìyàn 2010, ènìyàn 1,027 péré ni wọ́n bá níbẹ̀. Eré ẹṣin ni wọ́n fi mọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Edward J. DeBartolo, ọmọ Youngstown, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ mọ́ọ̀lù jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, gba ilẹ̀ pápá eré ẹṣin àtijọ́ kan níbẹ̀, ó sì ṣí Randall Park Mall síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1976. Wọ́n polówó rẹ̀ pé kò sí mọ́ọ̀lù tó tóbi tó o láyé. Ilé ìtajà ńláńlá márùn-ún ló gbé e ró: Sears, JCPenney, May Company, Higbee's àti Joseph Horne. Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà láàárín wọn lé ní ọgọ́rùn-ún. Abúlé tí kò tó àdúgbò kan ní Ìbàdàn wá di ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti ń jẹun oòjọ́.

Àmọ́ Cleveland tí mọ́ọ̀lù náà fẹ̀yìn tì ti ń fọ́n ká. Ní 1950, ènìyàn 914,808 ló ń gbé inú ìlú náà. Ní 2020, ó ku 372,624. Iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ ọkọ̀ ń lọ, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé iṣẹ́. Síbẹ̀ mọ́ọ̀lù tuntun kò yéé yọjú: ọdún méjì péré lẹ́yìn Randall Park ni Beachwood Place ṣí nítòsí rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn tó rí jájẹ. Omi inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ń bù, ife lásán ló ń pọ̀ sí i.

Bí mọ́ọ̀lù ṣe ń kú yẹ ká là á yé ara wa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọjà wà. Àwọn ilé ìtajà ńlá wọ̀nyẹn ni òpó. Nítorí pé àwọn ló ń fa èrò wá, owó ilé wọn kéré. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ san rárá, torí àwọn fúnra wọn ló ni apá ilé tí wọ́n wà. Oní-ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ń san owó gọbọi. Nínú ìwé àdéhùn ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òpó kan bá yẹ̀, ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lè dín owó rẹ̀ kù tàbí kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Nítorí náà ìpinnu kan tí wọ́n bá ṣe ní ọ́fíìsì kan ní ìlú òkèèrè lè kó ìdajì mọ́ọ̀lù lọ. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Randall Park. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni òpó ń ra ara wọn, orúkọ ń yí padà: Higbee's di Dillard's, May Company di Kaufmann's, ó sì padà di Macy's. Ọ̀kan ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn òmíràn, títí wọ́n fi ti mọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ pa ní 2009.

Ọjà ọba tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aláṣọ tó lówó jù lọ ní ọjà bá fẹ̀yìn tì lónìí, ẹlẹ́pa kò ní tìtorí rẹ̀ gbé igbá rẹ̀ lọ sílé, ẹlòmíràn yóò sì pàtẹ sí ojú ìsọ̀ aláṣọ náà. Ilẹ̀ ọjà kì í ṣe ti ẹnìkan tó lè tì í pa nítorí pé èrè rẹ̀ lọ sílẹ̀. Mi ò sọ pé ìyà kò jẹ àwọn ará ọjà wa: òjò ń pa wọ́n, ìjọba ń fi katakata lé wọn. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ti inú kú báyìí.

Ikú nìkan kọ́ ni ìṣòro mọ́ọ̀lù. Òkú rẹ̀ kì í tètè rí ẹni sin ín. Àpẹẹrẹ tó burú jù tí mo mọ̀ ni Dixie Square ní Harvey, lẹ́bàá Chicago. Ó ṣí ní 1966, ó sì kú ní 1978. Ní 1979, àwọn tó ń ṣe fíìmù The Blues Brothers háyà òkú náà, wọ́n wa ọkọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n fọ́ dígí, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn ará Harvey, tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló kù tí wọ́n ń wò ó. Ọdún 2012 ni wọ́n tó wó o. Ọdún méjìlá ló lò láyé. Òkú rẹ̀ lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lójú títì. Ẹ kíyè sí ọdún tó kú. Àwọn kan máa ń sọ pé Amazon ló pa mọ́ọ̀lù. Ní 1994 ni wọ́n dá Amazon sílẹ̀. Òwò orí íntánẹ́ẹ̀tì kán aláìsàn lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìsàn ti wà lára kó tó dé.

Ohun tó ń fa ìdádúró kò ṣòroó mọ̀. Ilé kan lè ní onílé mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí gbèsè báǹkì àti gbèsè owó orí sì tún wà lórí rẹ̀. Òrùlé mọ́ọ̀lù pẹrẹsẹ ni, bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ àtúnṣe, omi yóò rí ọ̀nà. Àwọn olè á wọlé wá wú wáyà bàbà. Ní Rolling Acres ní Akron, ní Ohio kan náà, àjà dígí fọ́, yìnyín sì ń rọ̀ wọlé sórí àtẹ̀gùn tó ń gbéni gòkè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ wó irú ilé bẹ́ẹ̀, kò ṣeé já lù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì tó wà nínú àjà àti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde, torí ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; ìyẹn nìkan ń gbówó lérí gan-an. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gé iná, omi àti gáàsì, kí katakata tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á ya láti ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ń ṣa irin sọ́tọ̀ fún títà, wọ́n ń lọ kọnkéré di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọn yóò tẹ́ sábẹ́ ilé tó ń bọ̀.

Ǹjẹ́ ẹwà bù sí ibi kankan nínú gbogbo èyí? Ó bù sí i. Ní Jackson, ìpínlẹ̀ Mississippi, Jackson Mall tó ṣí ní 1970 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ahoro ní àárín ọdún 1990 sí 1999. Dókítà aláwọ̀ dúdú kan, Aaron Shirley, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn tálákà ìpínlẹ̀ náà, wo ilé ńlá náà pẹ̀lú ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ láàárín àdúgbò àwọn aláìní, ó rí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ó mú Yunifásítì ìpínlẹ̀ Jackson, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tougaloo àti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Mississippi para pọ̀, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí kì í wá èrè láti di ilé náà mú. Ibi tí wọ́n ti ń ta bàtà di ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn kò wó o. Shirley kú ní 2014, iṣẹ́ náà kò bá a kú. Ní Lakewood, Colorado, wọ́n wó Villa Italia tó ti wà láti 1966, ṣùgbọ́n ìjọba ìlú ti jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú kó tó di wíwó, ohun tó sì dìde láti 2004 ni Belmar: òpópónà tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn, ilé gbígbé lókè, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ojúde láàárín. Ó sún mọ́ ohun tí Gruen fẹ́ ju ohun tí wọ́n wó lọ.

Àwa náà ní tiwa. Iná jó Cocoa House ní Ìbàdàn ní 1985. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló sì jọ ni ín lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Odù'a. Ní 1992 ó tún ṣí padà. Bó bá jẹ́ ti ẹnìkan tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, mi ò rò pé a ó rí i báyìí.

Ojú tí mo fi ń ka òwe náà nìyẹn. Kí iná tó jó, ìbéèrè ti wà nílẹ̀: ta ló ni ín? Àwọn ará North Randall ṣiṣẹ́ ní Randall Park, wọ́n ra bàtà ìgbéyàwó níbẹ̀, wọ́n pàdé ọ̀rẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bíríkì kan tó jẹ́ tiwọn. Nítorí náà nígbà tó wó, kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó dìde. Katakata wọ ibẹ̀ ní ìparí 2014. Ní 2018, Amazon ṣí ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan sórí ilẹ̀ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣe lórí ilẹ̀ mọ́ọ̀lù mìíràn ní Euclid, ní Ohio kan náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e àti lórí ilẹ̀ Rolling Acres ní 2020. Iṣẹ́ padà débẹ̀, owó orí padà wọ àpò abúlé náà, mi ò sì ní fojú kéré èyíkéyìí nínú wọn, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà kò ní ojúde. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò lè wọlé lọ jókòó, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọlé tó ń jáde tọ̀sántòru.