Ilé Amọ̀ Kan ní Ekenge

Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà pé ta ni Mary Slessor, ìdáhùn kan náà ni wàá gbọ́: òyìnbó tó fòpin sí pípa ìbejì ní Kàlàbá. Gbólóhùn kan péré ni. A kọ́ ọ sórí bí a ṣe kọ́ ti Mungo Park àti Odò Ọya. Ní Kàlàbá, wọ́n gbé ère rẹ̀ dúró pẹ̀lú ìbejì lọ́wọ́. Ní Skọ́tlándì, ilé ìfowópamọ́ Clydesdale fi àwòrán rẹ̀ sí ara owó bébà pọ́n-ún mẹ́wàá ní 1997.

Èmi kò ní ìjà kankan pẹ̀lú ère náà. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ilé. Inú ilé ni wọ́n ti gba àwọn ìbejì yẹn là, ilé amọ̀ kan ní abúlé Ekenge, ní ilẹ̀ àwọn Okoyong, nínú igbó tó wà lókè Kàlàbá. Ta ló kọ́ ilé náà? Àwọn wo ló ń sùn níbẹ̀? Ta ló ń pọn omi, ta ló ń pọn ọmọ? Ìwé méjì ni mo fi wá ìdáhùn: èyí tí W. P. Livingstone kọ nípa ìgbésí ayé Slessor, tó jáde ní 1915, àti ìwé ìrìn-àjò Mary Kingsley, tó jáde ní 1897. Òyìnbó ni àwọn méjèèjì, ojú òyìnbó ni wọ́n sì fi wo ilé náà. Síbẹ̀, bí èèyàn bá fara balẹ̀ kà wọ́n, á rí àwọn ará ilé tó kù tí wọ́n ń yọjú lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 1888 ni Slessor dé Ekenge. Ó ti lo ọdún méjìlá ní Kàlàbá nígbà náà. Ọmọ onímukúmu ni, láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló sì ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ híhun ní Dundee, nítorí náà ìyà kì í ṣe àlejò rẹ̀. Ọba Creek Town, Eyo Honesty Keje, ló fún un ní ọkọ̀ ojú omi àti àwọn atukọ̀. Òjò ń rọ̀. Ọmọ márùn-ún ló kó dání, gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, èyí tó kéré jù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí àwọn márùn-ún yìí, nítorí gbólóhùn tí a kọ́ sórí kò rántí wọn. Kò dá wọ Okoyong. Agbo ilé kan ló kó wọ ibẹ̀.

Kò sí ilé tó ń dúró dè wọ́n. Edem, baálẹ̀ Ekenge, fún wọn ní yàrá kan nínú agboolé àwọn ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì há mọ́ra títí wọ́n fi rí ilẹ̀ tí wọ́n máa kọ́ ilé sí. Àwọn ará Okoyong ló kọ́ ilé náà. Àwọn ni wọ́n gé òpó, àwọn ni wọ́n po amọ̀, àwọn ni wọ́n fi rẹ́ ògiri. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ fèrèsé àti ìlẹ̀kùn ni wọ́n tó rán káfíńtà kan wá láti Skọ́tlándì, Charles Ovens. Bí èèyàn bá wá ń pè é ní ilé Mary Slessor, kò burú, ṣùgbọ́n amọ̀ ibẹ̀, tiwọn ni.

Àsìkò tí Ovens ń ṣiṣẹ́ ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀. Etim, ọmọkùnrin Edem, fẹ́ gbéyàwó, ó sì ń kọ́ ilé tirẹ̀. Igi ńlá kan já lù ú, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan. Nílẹ̀ Okoyong nígbà náà, irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ẹnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Wọ́n dárúkọ abúlé kan, wọ́n lọ kó àwọn èèyàn ibẹ̀, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n. Ẹ̀wà esere ló kù kí wọ́n fún wọn mu. Ẹni tó bá bì í, ó mọ́. Ẹni tó bá kú, òun ló pa Etim. (Ẹ̀wà yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ ní Edinburgh gbé yẹ̀ wò ní ọ̀rúndún yẹn. Ọ̀kan nínú wọn, Robert Christison, jẹ ẹ́ ní 1855 láti mọ bó ṣe ń ṣe, díẹ̀ ló sì kù kó kú. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti yọ physostigmine tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú àrùn ojú glaucoma.)

Slessor mú òkú Etim, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ olówó iyebíye, ó wé láwàní sí i lórí, ó gbé e jókòó sórí àga lábẹ́ agboòrùn, ó sì gbé dígí síwájú rẹ̀. Inú Edem dùn pé wọ́n bu ọlá fún ọmọ òun, ìnáwó òkú sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kú ìṣọ́: òun àti Ovens ń gbà fún ara wọn, tọ̀sán tòru, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ fún àwọn tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní májèlé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ẹnì kankan kò kú. Màlúù ni wọ́n pa.

Ìtàn akọni obìnrin ni èyí, a sì máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí mo rò pé a fi ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n òkúta: Ma Eme, arábìnrin Edem. Opó ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n ní kí gbogbo ìyàwó mú adìyẹ wá. Bí adìyẹ ìyàwó bá ṣe já pìtìpìtì lẹ́yìn tí wọ́n bá bẹ́ ẹ lórí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òun ló pa ọkọ. Nígbà tí wọ́n ní Eme mọ́, ńṣe ló dákú. Obìnrin tó ti la irú èyí kọjá mọ ohun tí esere jẹ́ ju òyìnbó èyíkéyìí lọ. Òun ló ń mọ ohun tí àwọn ọkùnrin ń gbìmọ̀ lóru. Ó máa rán ọmọ kan sí ilé amọ̀ náà pẹ̀lú ìgò, bí ẹni pé oògùn ló fẹ́ kí wọ́n bù fún òun. Ìgò yẹn ni àmì tó wà láàárín òun àti Slessor: ewu ń bọ̀, má sùn. Bí àṣírí bá tú, Eme ni wọ́n máa fi jẹ́jọ́. Òyìnbó ní ìjọba lẹ́yìn. Kò di onígbàgbọ́ títí tó fi kú. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìwé àwọn oníjọ kò fi mọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Ará ilé mìíràn ni Janie. Ìbejì ni òun fúnra rẹ̀. Wọ́n ti pa ìkejì rẹ̀ kí Slessor tó gbé e. Ó wà lára àwọn márùn-ún tó wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Kó tó di pé wọ́n wá sí Okoyong, Slessor ti ránṣẹ́ pe bàbá tó bí i pé kó wá wo ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà débi pé kò fẹ́ sún mọ́ ọn. Ìgbà tí ọmọ náà fi apá kọ́ ọ lọ́rùn ni ọkàn rẹ̀ yọ́, láti ìgbà náà ló sì ti ń wá wò ó, tòun ti oúnjẹ. Èmi tí mo wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ìbejì yangàn, ibẹ̀ yẹn ni mo ti dá kíkà dúró. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òǹrorò. Ẹ̀rù ló bà á: wọ́n ti kọ́ ọ pé ọ̀kan nínú ìbejì jẹ́ ọmọ ẹbọra.

Ẹ̀rù yẹn náà ló ń lé àwọn ìyá ìbejì wọ igbó. Kingsley wà níbẹ̀ ní 1895 nígbà tí ọ̀ràn Iye ṣẹlẹ̀. Ẹrú ni Iye, ọlọ́wọ́ iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń yìn, títí ó fi bí ìbejì. Wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀, wọ́n ba ẹrù rẹ̀ jẹ́, wọ́n kó ọmọ méjèèjì sínú àpótí ọtí jíìnì, wọ́n sì lé e jáde. Slessor pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò mú un gba ojú ọ̀nà ọjà, nítorí ó mọ̀ pé bí ìyá ìbejì bá gba ibẹ̀, àwọn ènìyàn kò ní í tọ̀ ọ́ mọ́. Ńṣe ló dúró nínú oòrùn títí wọ́n fi la ọ̀nà tuntun dé ilé. Ọkùnrin inú ìbejì náà ti kú. Obìnrin yè, wọ́n sọ ọ́ ní Susie, ṣùgbọ́n kò pé ọmọ ọdún méjì kó tó kú. Ẹkún tí Iye ń sun nínú ilé náà, ẹkún ipò àti orúkọ rere tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ní 1892, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Slessor di igbákejì kọ́nsù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà sì di kóòtù. Kò yẹ ká fi èyí pamọ́. Láti orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Ma Eme ń fi ìgò ránṣẹ́ sí ni àṣẹ ọba òkèèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kò sì yẹ ká sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ṣòfin tó dára: ní 1850, àwọn olóyè Kàlàbá ti fi àṣẹ Ekpe fòfin de pípa ẹrú nítorí òkú olówó.

Ọdún mẹ́jọ péré ni ilé Ekenge lò. Ní 1896, ọjà ti ṣí kúrò, Slessor àti àwọn ọmọ sì kó lọ sí Akpap. Ni ṣọ̀pọ̀nná bá dé. Ó ń bupá fún àwọn èèyàn, ó ń sá padà sí Ekenge lóru láti tọ́jú wọn, ilé amọ̀ náà sì di ilé ìwòsàn. Edem náà kú. Kò sí ẹni tó lókun láti sin ín, ni Slessor bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pósí, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sì sin baálẹ̀ tó fún un ní yàrá àkọ́kọ́. Nígbà tí Ovens àti òyìnbó kan máa gba Ekenge kọjá, òkú ló kún inú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ibẹ̀ mọ́. Igbó gbà á.

Slessor kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní, 1915, nínú ilé mìíràn, ní abúlé Use. Janie àti àwọn ọmọbìnrin yòókù tó tọ́ ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀.