Ètò Swiss: Báwo ni ìdíje chess ṣe ń mọ ẹni tó borí nígbà tí gbogbo èèyàn kò kojú ara wọn?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ní ìlú Chennai lórílẹ̀-èdè India, àmì 19 ni Uzbekistan àti Armenia jọ ní nígbà tí ìdíje Olympiad chess parí. Síbẹ̀, Uzbekistan ló gba góòlù, Armenia sì gba fàdákà.

Wọn kò tún ayò kankan ta láti yà wọ́n o. Ìṣirò ni wọ́n ṣe: wọ́n wo bí àwọn ikọ̀ tí kálukú wọn bá pàdé ṣe ṣe dáadáa tó.

Ìlú Zürich ní Switzerland ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1895. Olùkọ́ kan, Julius Müller, ló gbé ètò náà kalẹ̀ fún ìdíje tó wáyé níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Swiss.

Kí ni wọ́n ń wá tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀?

Bí èèyàn 128 bá wá díje, tí kálukú sì gbọ́dọ̀ kojú gbogbo àwọn yòókù, abala 127 ni wọ́n máa ta. Bí wọ́n bá ń ta ẹyọ kan lóòjọ́, ó lé ní oṣù mẹ́rin. Ta ló fẹ́ san owó òtẹ́ẹ̀lì yẹn? Bí wọ́n bá sì ní kí ẹni tó bá ti fìdí rẹmi máa lọ, ìdajì wọn á ti di ẹrù lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nínú ètò Swiss, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé. Lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan, àwọn tí àmì wọn dọ́gba ni wọ́n á fi kojú ara wọn, ẹni méjì kò sì ní pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá sí ọ̀mì, lẹ́yìn abala méje, ẹnì kan ṣoṣo nínú èèyàn 128 ni kò ní tíì pàdánù.

Àmọ́ ọ̀mì pọ̀ láàrin àwọn ọ̀gá. Lọ́dún 1932, Bruno Buchholz ará Jámánì dábàá pé kí wọ́n ro àmì gbogbo àwọn tí èèyàn bá ta pọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ nà lábala kìíní bá ń fìdí rẹmi lẹ́yìn náà, ẹ̀yin lẹ máa jìyà rẹ̀.

Ní Isle of Man lọ́dún 2019, èèyàn 154 ta abala 11. Wang Hao ará China àti Fabiano Caruana ti Amẹ́ríkà jọ ní àmì 8, irú ìṣirò báyìí ló sì gbé Wang Hao sípò kìíní. Magnus Carlsen, tó jẹ́ olúborí àgbáyé nígbà náà, kò pàdánù ayò kankan, síbẹ̀ ó wà lẹ́yìn wọn. Ṣé Wang Hao wá mọ̀ ọ́n ta ju Carlsen lọ ni? Abala 11 kéré púpọ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà láàrin tábìlì ni mo tiẹ̀ káàánú jù, torí ayò ìkẹyìn kan lè gbé èèyàn fo ọ̀pọ̀ ipò.

Kí ló dé tí wọn ò pa á tì?

Láyé àtijọ́, lẹ́yìn ìpele àkọ́kọ́ ní Olympiad, wọ́n máa ń pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ìsọ̀rí. Ẹni tó bá bọ́ sí ti ìsàlẹ̀ kò lè fojú kan góòlù mọ́. Ọdún 1976, ní Haifa, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo Swiss, fún ikọ̀ 48. Ní Chennai, ikọ̀ tó lé ní 180 ló ta abala 11 nínú ìsọ̀rí kan ṣoṣo. Ní abala kìíní, ìdajì tó lágbára ni wọ́n máa ń fi kojú ìdajì tó kù, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà tàbí Ghana lè bá ara rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá tó ń ka orúkọ wọn nínú ìwé.