Lẹ́ńsì Kékeré, Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí, àti Àṣìṣe Kan Tí Ó Ń Gbilẹ̀

Láìpẹ́ yìí ni akẹgbẹ́ wa kan, tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ rọ́ ìmọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn, gbé àbá kan jáde pé lẹ́ńsì bíńtín ara fóònù ìgbàlódé, èyí tí ń fi infraréédì díwọ̀n bí nǹkan ti jìnnà tó, àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà báńkì ní ọdún 2020, ọmọ ìyá ni wọ́n. Pé ooru ara ni àwọn méjèèjì ń rí. Àti pé ìdí nìyí tí àwọ̀ dúdú fi ń dí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ lójú. Ohun tó jọ ohun ni a fi í wé ohun, èèpo ẹ̀pà ni ó jọ pósí ẹ̀lírí. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tí akẹgbẹ́ wa so pọ̀ yìí, orúkọ nìkan ni wọ́n fi jọra.

Ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ àti iṣẹ́ tí lẹ́ńsì ń ṣe ti yé òǹkàwé wa, n kò sì ní í fi ìyẹn fa ilẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ni kí a dì mú ṣinṣin, èyí tí ó wà láàárín ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan ń yọ fúnra rẹ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí a tàn lé e lórí. Láti ọdún 1800 tí William Herschel ti bá infraréédì pàdé lẹ́yìn àwọ̀ pupa ni a ti ń fi orúkọ kan pe ohun púpọ̀. Ara ènìyàn a máa yọ infraréédì ooru tọ̀sán tòru, ó sì pọ̀ jù níbi tí ìgbì ti gùn tó màíkírómítà 8 sí 14. Òun ni ẹ̀rọ iwájú orí ń kà. Sílíkọ́ọ̀nù tí a fi ṣe sẹ́ńsọ̀ fóònù ti fọ́jú kí ìgbì tó gùn tó màíkírómítà 1.2, gíláàsì lásán kò sì jẹ́ kí infraréédì ooru kọjá rárá, tí ó fi jẹ́ pé jẹmáníọ́ọ̀mù, tí ń dán bí irin tí ojú kò sì lè wò kọjá, ni a sábà máa ń fi ṣe lẹ́ńsì kámẹ́rà ooru. Kámẹ́rà fóònù ní tirẹ̀, iná lésà kékeré tí ó jẹ́ nánómítà 850 tàbí 940 ni ó ń tàn fúnra rẹ̀, tí ó sì ń dúró de àbọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá ní Èkó, kí ó tẹ rìmóòtù tẹlifíṣàn síwájú kámẹ́rà iwájú fóònù: lọ́pọ̀ ìgbà yóò rí iná kan tí ojú lásán kò rí, bẹ́ẹ̀ rìmóòtù náà tutù. Nígbà tí iná bá lọ lálẹ́, kí ó wá gbé áyọ́ọ̀nù tí ó gbóná tó láti jó aṣọ síwájú kámẹ́rà kan náà. Òkùnkùn ni yóò rí.

Ìmọ́lẹ̀ a máa rin mítà kan lọ, mítà kan bọ̀, láàárín nánósẹ́kọ́ǹdì 6.7, irú àkókò yìí ni kámẹ́rà fóònù sì fi ń mọ bí nǹkan ti jìnnà tó. Àbọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ẹnu lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Àti pé nígbà tí ó jẹ́ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ni, lẹ́ńsì mélòó kan tó, kò nílò ọ̀pọ̀ bí ti kámẹ́rà àwòrán. Asẹ́ tí ń dí ìmọ́lẹ̀ mìíràn ni ìyọnu: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́, nánómítà tí ó ń gbà á yẹ̀, nítorí náà lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ darí ìmọ́lẹ̀ sí i ní tààrà. Sílíkọ́ọ̀nù rí 850 jù 940 lọ, síbẹ̀ 940 ni ọ̀pọ̀ ń yàn, nítorí pé èéfín omi inú afẹ́fẹ́ a máa gbé púpọ̀ nínú 940 ti oòrùn mì. Ọ̀rinrin Èkó, tí gbogbo wa ń ráhùn lé lórí, oore ni fún kámẹ́rà yìí. Ọyẹ́ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

Ní ti àwọ̀ ara, mẹ́lánììnì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé infraréédì mì bí ó ti ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí mì, nítorí náà ara dúdú àti ara funfun súnmọ́ra ní 940 ju bí wọ́n ti ṣe lójú wa lọ. Ìwádìí Joy Buolamwini àti Timnit Gebru ní 2018 lórí ẹ̀rọ tí ń wo ojú láti mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, tí ó bá àṣìṣe tí ó tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún lórí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú nígbà tí ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun jẹ́ 0.8, orí àwòrán lásán ni wọ́n ṣe é. N kò sọ pé ẹjọ́ ti parí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rí mìíràn yọjú. Ṣùgbọ́n ní báyìí, n kò rí ibi tí àbá akẹgbẹ́ wa lè fẹsẹ̀ lé.

Ibi tí àwọ̀ dúdú ti kó ẹ̀rọ tí ń lo infraréédì sí wàhálà ní tòótọ́ ni ẹ̀rọ tí a fi ń há ọmọ ìka láti mọ bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, tí ń lo ìmọ́lẹ̀ pupa nánómítà 660 pẹ̀lú infraréédì 940. Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2020 pé nígbà tí ẹ̀rọ náà bá kà 92 sí 96, nínú ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú ni ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ ju 88 lọ ní tòótọ́, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6. Mo fura pé pupa ni ó jẹ̀bi, pé infraréédì mọ́ nínú ọ̀ràn náà, èyí sì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ dáwọ́ lé. Ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì Alímọ̀ṣọ́, láti Ìgàndó títí dé Ẹgbẹ́dá, tí ẹ ń lo ẹ̀rọ yìí lójoojúmọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi iye tí ó kà wé èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé yìí.