Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Ẹjọ́ Ẹfúnṣetán

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Àgbà lè hùwà kan kí ọmọdé máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bí ó bá jẹ́ làákàyè tirẹ̀ nìkan ni ọmọ náà gbójú lé, yóò la ẹnu bú àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ bá wà nítòsí tó ní, "Ṣe sùúrù, o kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá," ọ̀rọ̀ èébú yóò padà sínú. Ọgbọ́n tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló yọ ọ́ nínú àṣìsọ.

Inú ìwé ni èmi ti ń yá ọgbọ́n. Lásìkò òjò tó kọjá, àwọn ìwé tí mo kà kò jọra wọn rárá: eré onítàn, ìtàn ilẹ̀ wa, àti iṣẹ́ onímọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn.

Eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ nípa rẹ̀, tó jáde ní 1970, ni mo kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀dà tí mo lò nílé ẹ̀kọ́ ni. Ìwé ìròyìn tí mo fi bò ó ti pọ́n. Lọ́jọ́ tí a ṣe eré náà ní kíláàsì, mo wà lára àwọn tó hó yèè nígbà tí ọwọ́ Látòósà, olórí Ìbàdàn, tẹ̀ ẹ́. Ta ni kò ní hó? Obìnrin tó ní kí wọ́n bẹ́ orí ẹrúbìnrin rẹ̀ nítorí pé ó lóyún! Mo tún un kà, inú tún bí mi.

Mo wá mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, òun náà sì kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀, ló ṣa àkọsílẹ̀ tó kù jọ tó tún un kọ, kí ó tó jáde ní 1921. Ìbàdàn ni Johnson ń gbé ní 1874 tí ọ̀rọ̀ Ẹfúnṣetán ṣẹlẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló ní Ààrẹ Látòósà kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò jáde wá kí òun káàbọ̀ lẹ́yìn odi. Mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ẹrú kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú eré, májèlé ni obìnrin náà gbé jẹ. Nínú Johnson, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ sì pa á lóru, ọwọ́ ọmọ tó gbà tọ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ló wá tú u délẹ̀ fún mi. Oníṣòwò ńlá ni Ẹfúnṣetán, ó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun. Ogun kò tán, gbèsè ń gorí gbèsè, ó bá dá àwìn dúró. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí.

N kò di alágbàwí rẹ̀. Ẹnu àwọn ará Ìbàdàn kò tíì kúrò lára ìkà rẹ̀, n kò sì bá Ìṣọ̀lá jà: ojú ẹrú tí wọ́n ń pọ́n lójú ló fi wo ọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ẹnìkan fi ojú yẹn wò ó. Ohun tó dùn mí ni pé ariwo tí mo pa ní kíláàsì, ẹnu kan ṣoṣo ni mo gbọ́ kí n tó pa á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka eré náà fún ìdánwò báyìí. Lọ́jọ́ kan ó ká ìwé pọ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, ṣé wèrè ni obìnrin yìí ni?" N kò bá a wí. Mo ṣí ojú ìwé ẹ̀sùn mẹ́ta náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́.