Ọjọ́ Orí Aláìsàn àti Ewu Tí Ń Tẹ̀lé Ẹ̀jẹ̀ Tó Dà Sínú Ọpọlọ

Ní Makutu, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ilẹ̀ Okun, láti Kábà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, bí a bá gbé arúgbó tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ́ iṣan lọ́pọlọ dé iwájú dókítà, tí dókítà sì béèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ìtàn ni àwọn ọmọ sábà máa ń fi dáhùn: wọn a ní nígbà ogun Hitler ni a bí bàbá àwọn. Ìdáhùn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn fi ń wọn ewu àìsàn yìí, iye ọdún ni ó mọ̀.

Dókítà Hemphill àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n náà jáde ní 2001. Máàkì mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀; bí ó bá ti ń pọ̀ sí i ni ikú ń súnmọ́ tòsí. Iyè tí ó ra pátápátá gba méjì, ẹ̀jẹ̀ tí ó tó 30 mílílítà gba ọ̀kan, ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti pé 80 ọdún gba ọ̀kan. Ẹni tí a bí ní 1939 tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti kọjá ààlà yìí tipẹ́, ẹni tí a bí ní 1945 tí ogun parí ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà ogun Hitler ni a sì bí àwọn méjèèjì.

Èmi kò sọ pé ọjọ́ orí kò já mọ́ nǹkan kan. Ọpọlọ ọ̀dọ́ kún agbárí rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, nítorí náà bí ẹ̀jẹ̀ bá dà síbẹ̀ tí ọpọlọ sì wú, kò sí àyè, ìfúnpọ̀ yóò sì tètè dójú ẹ̀mí. Ọpọlọ àgbà ti súnkì, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: kíndìnrín tó ti rẹ̀, ọkàn tí kò lágbára mọ́, ògiri iṣan tó ti gbó. Ohun tí ń mú àgbà lọ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan ni òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ẹsẹ̀, àti egbò tí ibùsùn dá sí i nídìí.

Ẹ wo ìyá àgbà tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, tí ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan, tí ọmọ rẹ̀, nínú ìfẹ́, ń fi ṣíbí ta ògì gbígbóná sí i lẹ́nu. Ọ̀fun kò lè gbé nǹkan mì mọ́. Ògì gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Kò pẹ́ tí ara fi gbóná, tí èémí ń fẹ́ hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. A ó ní ogbó ló pa á. Ògì ló pa á.

Àwọn àgbà a máa wí pé àìsàn là á wò, a kì í wo ọlọ́jọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó fi ọlọ́jọ́ hàn wá ní òru àkọ́kọ́? Ìtọ́ni Ẹgbẹ́ Ọkàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 2015 ni pé kí a má ṣe pinnu láti dẹwọ́ ìtọ́jú títí di ọjọ́ kejì gbáko nílé ìwòsàn, ó kéré tán, nítorí aláìsàn tí a bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ikú yóò kú, ikú rẹ̀ yóò sì dà bí ẹ̀rí pé a ṣe é ire.

Ọ̀rọ̀ tiwa tilẹ̀ tún yàtọ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù lé ní 2,000, nǹkan bí 59 ọdún sì ni ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn. Ààlà 80 kò kan ọ̀pọ̀ nínú wọn rárá, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹni 50 ọdún tí kò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ rí lè gbó ju ti arúgbó tí ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lọ. Bí ó bá jẹ́ tèmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọdún lórí káàdì ni dókítà ì bá máa kọ ọ́ sí: ó ti tó ìgbà wo tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ru? Ṣé ó ń gba oògùn? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sóko?